Láti Ilé Ìkẹ́rúsí sí Ilé Ẹbí: Àgbéyẹ̀wò Bí Fakitọ́rì Àgbádárìgì Ṣe Di Ibùgbé

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó bá dúró ní etí ọ̀sà ní Gberefu, tí ó kọjú sí àríwá, yóò rí ìlú Àgbádárìgì ní òdìkejì omi. Yanrìn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, Òkun Àtìláńtíìkì ni ó sì wà lẹ́yìn yanrìn. Orí ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàrin omi méjèèjì yìí ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sí ibi tí ọkọ̀ òkun ti ń dúró dè wọ́n. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Gberefu, ọ̀nà yìí ni ọkàn wa máa ń lọ sí: kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún wọn mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, àti etí òkun tí a ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ béèrè nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn náà sí ní òdìkejì ọ̀sà kí ọkọ̀ tó dé? Ìdáhùn náà kò ṣòro láti rí: èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ṣì wà ní ìdúró, àwọn ènìyàn sì ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń dáná níbẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ó túmọ̀ sí.

Èrò wa ni pé bí ilé òwò ṣe ń di ibùgbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ amọ̀ àti páànù nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni: ta ni ó lè wọlé, ta ni ó lè gba owó ilé, ta ni a sì lè sọ fún pé kí ó kó jáde. Ní Niú Yọ́ọ̀kì àti ní Lọ́ńdọ̀nù, owó àti òfin ìjọba ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní Àgbádárìgì, ìbí ni. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé ìbí yìí ni ó jẹ́ kí ilé náà dúró di òní, òun kan náà ni ó sì ń bo ìtàn àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

2. Ìtumọ̀ fakitọ́rì ní etí òkun wa

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀. Lónìí, bí a bá sọ pé fakitọ́rì, ibi tí ẹ̀rọ ti ń pariwo ni a ń rò. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí ní etí òkun wa ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Fakitọ́rì ni ilé tí aṣojú oníṣòwò ń gbé, tí ó sì ń ṣòwò nínú rẹ̀: yàrá rẹ̀, àká ẹrù rẹ̀ àti àgbàlá rẹ̀ lápapọ̀. Aṣọ, tábà, ọtí, ìbọn àti owó ẹyọ ń wọlé. Ènìyàn ń jáde. Nígbà tí ó yá, epo pupa àti ekuro ni wọ́n ń kó jáde dípò ènìyàn.

Richard Lander dé Àgbádárìgì ní ọdún 1827, lẹ́yìn tí ọ̀gá rẹ̀, Clapperton, kú sí Sókótó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Pọtogí ní fakitọ́rì márùn-ún nínú ìlú náà, àti pé àwọn ẹrú tí ó wà nínú wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, tí a fi ẹ̀wọ̀n so wọ́n mọ́ra lọ́rùn. Ẹ̀rí yìí ṣe pàtàkì fún wa nítorí pé ó fi hàn gbangba pé fakitọ́rì àti àhámọ́ kì í ṣe ohun méjì. Ilé kan náà ni.

Ìdí tí a fi nílò irú ilé bẹ́ẹ̀ wà nínú bí òwò náà ṣe ń lọ. Ìgbì òkun le ní etí òkun yìí, kò sì sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè wọ̀. Ọkọ̀ á dúró sí ojú agbami. Ọkọ̀ kékeré ni yóò máa kó ẹrù láti etí yanrìn lọ bá a. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n ń rí ẹrú tí ó kún ọkọ̀ kan rà. Mẹ́ta lónìí, márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, láti ọjà dé ọjà. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rà yóò dúró de ẹni tí wọ́n rà kẹ́yìn, gbogbo wọn yóò sì jọ dúró de ọkọ̀. Ìdúró yìí ni ó bí ilé ìkẹ́rúsí, èyí tí àwọn àlejò ń pè ní bàrákúùnù. Nínú èdè wa, ohùn kan péré ni ó ya ẹrù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrú. Nínú ilé yìí, ìyàtọ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn èyí ni òwò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de àwọn ènìyàn tirẹ̀ ní 1807. Bùràsíìlì, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tí a kó láti etí òkun wa ń lọ, ṣe òfin tí ó dá kíkó ẹrú wọlé dúró ní 1850. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní 1851. Wọ́n gba Èkó ní 1861, wọ́n sì gba Àgbádárìgì ní 1863. Láàrin ọdún díẹ̀, ilé ìkẹ́rúsí kò ní ohun tí yóò kó sínú mọ́. Ògiri rẹ̀ wà, òrùlé rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

3. Ilé Sèríkì Abass: ìtàn àti ìṣirò

Ilé tí a mọ̀ jù nínú irú èyí ni ti Sèríkì Williams Abass. Ìtàn ìdílé náà sọ pé Ìfárẹ̀mílẹ́kún ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìdílé Fágbèmí ní Ìjọ̀gà-Orílé ní ilẹ̀ Yewa. Wọ́n mú un lẹ́rú nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Oníṣòwò ará Dàhómì kan tí ó ń jẹ́ Abass ni ó kọ́kọ́ rà á. Oníṣòwò ará Bùràsíìlì kan tí ó ń jẹ́ Williams ni ó sì mú un kọjá òkun. Ó kọ́ ìwé àti èdè lọ́hùn-ún, ó sì padà wá sí etí òkun wa gẹ́gẹ́ bí aṣojú Williams nínú òwò ẹrú. Orúkọ àwọn tí wọ́n rà á ni ó ń jẹ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 1919, lẹ́yìn tí ó ti di Sèríkì Mùsùlùmí àti olórí ẹkùn ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun méjì wà nínú ìtàn tí a ń sọ fún àlejò nípa ilé yìí tí ó yẹ kí òpìtàn fara balẹ̀ wò. Èkíní ni ọdún. A sábà máa ń so ọdún 1840 mọ́ kíkọ́ ilé náà àti mọ́ orúkọ Abass. Láti 1840 sí 1919 jẹ́ ọdún 79. Bí ó bá jẹ́ pé Abass ti dàgbà tó láti ní ilé òwò ní 1840, tí a bá fún un ní ọdún 25 péré nígbà náà, a jẹ́ pé ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó kú. Kò ṣàìṣeéṣe. Ṣùgbọ́n ó tún ṣeé ṣe kí ilé náà ti wà ṣáájú rẹ̀, kí ó jẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀ ará Bùràsíìlì tàbí ti oníṣòwò mìíràn, kí Abass sì bọ́ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú, kí ó tó di olówó rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ayálégbé ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di onílé. A kò lè fi ẹ̀rí ìwé gbe èyí lẹ́sẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìṣirò ọdún kò jẹ́ kí a pa ilẹ̀kùn dé e.

Èkejì ni iye. A gbọ́ pé 40 ni yàrá inú ilé náà, àti pé 40 ènìyàn ni wọ́n ń kó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 1,600. Bẹ́ẹ̀ ni Lander sọ pé díẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni ó wà nínú fakitọ́rì márààrún ní 1827. Kí ilé kan ṣoṣo kó ju gbogbo ìlú lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣọ́ ojú òkun, ṣòro láti gbà. Èrò wa ni pé 40 nínú 40 kì í ṣe iye tí akọ̀wé kan kà. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi ń sọ bí inú ilé náà ṣe há tó ni. Kò yẹ kí a pa irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tì, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a kà á bí ìwé ìṣirò.

Ohun tí kò sí iyàn lórí rẹ̀ ni ohun tí yàrá wọ̀nyí dà. Abass fẹ́ ìyàwó púpọ̀, ó sì bí ọmọ púpọ̀. Ọmọ nílò ibùsùn, yàrá sì wà nílẹ̀. Yàrá tí a fi pa ènìyàn mọ́ di yàrá ìyàwó. Yàrá ìyàwó di ti ọmọ. Ti ọmọ di ti ọmọ ọmọ. Nígbà tí baba kú, inú agbo ilé náà ni ibojì rẹ̀ wà. Nínú àṣà wa, ibojì baba ni èdìdì ilé. Ilé tí a sin baba sí kì í tún ṣe àká mọ́. Ìdílé ti di í mú. Títí di òní, ìwọ̀nba yàrá díẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò gẹ́gẹ́ bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọmọ ìdílé ni ó ń gbé ìyókù, tí wọ́n ti tún un ṣe bí ibùgbé.

4. Àfiwé: Niú Yọ́ọ̀kì àti Lọ́ńdọ̀nù

Kí a má baà rò pé Àgbádárìgì nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ìlú méjì lókè òkun, níbi tí gbígba yàrá nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Ní àdúgbò SoHo ní Niú Yọ́ọ̀kì, àwọn ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n fi irin ṣe iwájú wọn jẹ́ ti oníṣòwò aṣọ àti ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí iṣẹ́ wọ̀nyí kó kúrò ní àárín ìlú ní àárín ọ̀rúndún ogún, àjà gbàgẹ̀dẹ̀ ṣófo. Àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére wá gbà á ní owó pọ́ọ́kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fàyè gba kí ènìyàn sùn níbẹ̀. Ní 1961, ìlú gbà fún díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti gbé pátákó kékeré tí a kọ A.I.R. sí kọ́ ara ilé, kí àwọn panápaná lè mọ̀ pé ènìyàn ń gbé lókè. Òfin ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1964, ti ìlú tẹ̀ lé e ní 1971. Ní 1982, òfin tí wọ́n ń pè ní Loft Law dáàbò bo àwọn tí wọ́n ti ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ láàrin oṣù kẹrin ọdún 1980 àti oṣù kejìlá ọdún 1981: onílé gbọ́dọ̀ tún ilé ṣe dé ìwọ̀n ibùgbé, kò sì lè fi owó ilé lé wọn jáde bí ó ti wù ú. Èyí ni pé ẹni tí ó ti sùn nínú ilé náà ni ó jà títí tí òfin fi mọ̀ ọ́n.

Ti Lọ́ńdọ̀nù sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Ní 1802 ni wọ́n ṣí èbúté West India Docks. Robert Milligan, oníṣòwò tí ó ní oko àti ẹrú ní Jàmáíkà, wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Àwọn àká tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ jẹ́ ti ṣúgà, ọtí àti kọfí tí àwọn ẹrú gbìn tí wọ́n sì kórè. Wọ́n ti èbúté náà pa ní 1980. Lónìí, ilé gbígbé àti ilé oúnjẹ wà nínú àwọn àká tí ó ṣẹ́kù. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà nínú apá kan ṣí ní 2003, ó sì ya gbọ̀ngàn kan sọ́tọ̀ fún ìtàn ṣúgà àti òwò ẹrú ní 2007. Ère Milligan tí ó dúró níwájú ilé náà, wọ́n gbé e kúrò ní oṣù kẹfà ọdún 2020.

Ẹ kíyè sí i pé òpin kan ṣoṣo ti òwò kan náà ni àká Lọ́ńdọ̀nù yìí. Ilé Àgbádárìgì gba ènìyàn sílé kí ó tó lọ sí oko ìrèké. Ilé Lọ́ńdọ̀nù gba ṣúgà sílé lẹ́yìn tí ó ti oko ìrèké dé. Àwọn méjèèjì di ibùgbé, àwọn méjèèjì sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún ìrántí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó ni ó ń gbé ti Lọ́ńdọ̀nù, láìka ibi tí wọ́n ti bí i sí. Ti Àgbádárìgì, ọmọ bíbí ni.

5. Ẹ̀tọ́ ìbí àti owó ilé

Òfin ilẹ̀ wa ti mọ ilé ẹbí tipẹ́. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, lórí agbo ilé Mabinuori ní Èkó, ni àwọn agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí jù. Ìlànà tí ó ti ibẹ̀ dúró ṣinṣin ni pé ilé tí baba fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Kò sí ẹni tí ó lè dá a tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà fọwọ́ sí i, ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú rẹ̀. Ọmọ ilé kì í san owó ilé ní ilé baba rẹ̀. Àlejò ni ó ń san án. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2011 ṣe ìlànà fún onílé àti ayálégbé, ó sì kà á léèwọ̀ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kan ọmọ tí ó ń sùn nínú yàrá ìyá rẹ̀.

Àǹfààní èyí pọ̀. Ilé tí gbogbo ènìyàn ní kò rọrùn láti tà, ilé tí kò rọrùn láti tà kò sì rọrùn láti wó. A kò gbọ́dọ̀ sọ èyí di òfin tí kò ní àyọkúrò. Ilọ́jọ Bar ní Ìta Tinúbú ní Èkó, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, jẹ́ ilé òwò àti ibùgbé pọ̀. Ìdílé Olaiya rà á ní 1933, ìjọba sì kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ẹ̀tọ́ ẹbí nìkan kò tó, àṣẹ ìjọba nìkan kò sì tó. Ohun tí ó yà ilé Abass sọ́tọ̀, lójú tiwa, ni pé ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ láìdáwọ́dúró, pé ibojì wà níbẹ̀, àti pé àwọn àlejò tí ó ń wá wò ó jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ ní iye lójú àwọn tí ó ni ín.

Ṣùgbọ́n ìpalára rẹ̀ náà wà. Ẹni tí ó ń gbé inú yàrá nílò afẹ́fẹ́, yóò la fèrèsé. Ó nílò àyè, yóò wó ògiri tí ó pín yàrá méjì. Amọ̀ ń jò, yóò fi bíríkì rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́bi. Kò yẹ kí ọmọ ènìyàn máa gbé inú àhámọ́ kí òpìtàn lè rí ohun kọ. Síbẹ̀, fèrèsé kọ̀ọ̀kan tí a là ń pa ẹ̀rí kan rẹ́. Ní Agbodrafo ní ilẹ̀ Tógò, ilé kan wà tí a kọ́ ní 1835, tí a mọ̀ sí Ilé Wood, níbi tí oníṣòwò ń gbé lókè tí àwọn ẹrú sì ń dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ pákó, níbi tí àgbàlagbà kò lè nàró. Ìsàlẹ̀ pákó yẹn kò ṣeé sọ di yàrá, nítorí náà ó wà bí ó ti wà. Yàrá Àgbádárìgì ṣeé gbé, nítorí náà ó yí padà. Ìwúlò ilé ni ó gbà á là, ìwúlò rẹ̀ náà ni ó sì ń pa á dà.

6. Ojú tí Gberefu fi wò ó

Ní báyìí, a lè padà sí Gberefu. Ìtàn tí a gbà ní etí ọ̀sà kò fi Gberefu ṣe ilé ìpamọ́, ọ̀nà ni. Àwọn tí ó gba ibẹ̀ kọjá kò fi yàrá sílẹ̀, wọn kò fi ibojì sílẹ̀, wọn kò sì fi ọmọ tí yóò jogún ibùsùn sílẹ̀. Bí ẹ̀tọ́ ìbí bá ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rúsí, a jẹ́ pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀ ni kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Àwọn ọmọ wọn wà ní Bàhíà àti ní àwọn erékùṣù Karibéánì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá sí Àgbádárìgì lónìí, àlejò ni. Yóò san owó ìwọlé kí ó tó rí yàrá tí ó ṣeé ṣe kí baba ńlá rẹ̀ ti sùn lórí ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò lè pín ìtàn náà sí ọmọ olówó ẹrú ní apá kan àti ọmọ ẹrú ní apá kejì. Abass fúnra rẹ̀ ni wọ́n tà. Ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrù rí ni ó wá ní ilé ẹrù, tí ó sì di baba àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pẹ̀lú èrò pé kí wọ́n kó ìdílé náà jáde kí gbogbo ilé lè di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí a bá lé ọmọ ẹni tí a ti tà rí kúrò nílé kí a lè ṣe ìrántí títa ènìyàn, a ti ṣi ìrántí náà ṣe.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé fakitọ́rì Àgbádárìgì di ibùgbé ní ọ̀nà tirẹ̀. Owó ni ó ṣí àká Lọ́ńdọ̀nù. Ìjà àwọn ayálégbé ni ó ṣí àjà Niú Yọ́ọ̀kì. Ọmọ bíbí ni ó ṣí ilé Abass. A ti fi ìṣirò ọdún àti iye ènìyàn hàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó yẹ kí a ti tún ìtàn àtẹnudẹ́nu gbé yẹ̀ wò, láìtàbùkù rẹ̀. A sì ti sọ pé ẹ̀tọ́ ẹbí tí ó pa ilé mọ́ kò ní àyè fún àwọn tí wọ́n kọjá sí Gberefu.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn kò tóbi, ṣùgbọ́n kò lè dúró pẹ́. Kí wọ́n tó la fèrèsé mìíràn, kí àwa lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n àti ìwé, pẹ̀lú àṣẹ olórí ẹbí. Kí a wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, ibi tí ihò afẹ́fẹ́ wà, irú amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n. Kí a kọ orúkọ àwọn ìyá tí wọ́n ti gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìran dé ìran, nítorí pé ìtàn ibùgbé náà jẹ́ ìtàn. Nígbà náà ni a ó tó lè mọ̀ bóyá ogójì ènìyàn lè dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan tàbí wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá díẹ̀ tí ìdílé ti yà sọ́tọ̀ fún ìrántí, ní èrò tiwa, ni owó ilé tí àwọn alààyè ń san fún àwọn tí wọn kò padà bọ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n wọ́n ń san án. Kí àwa náà san tiwa.